Ẹ Bi Wá: Yíyẹ àtúnṣe ìwé ìrànlọ́wọ́ Vim wò

Ìbéèrè: Wọ́n ní kí n yẹ àtúnṣe kan wò nínú ìwé ìrànlọ́wọ́ Vim, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? (Òǹkàwé, Yábàá, Èkó)

Ìdáhùn: Ẹ fi gírámà sílẹ̀ ná. Ẹ ṣí Vim, kí ẹ dán àṣẹ tí wọ́n kọ síbẹ̀ wò fúnra yín. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ :helptags runtime/doc, àṣẹ tó ń to àwọn orúkọ tí ìtọ́ka inú ìwé náà ń lọ sí jọ. Bí àṣìṣe E154 bá yọ, orúkọ tí wọ́n fi sáàárín àmì ìràwọ̀ méjì ti wà níbòmíràn. Kí wọ́n yí i padà. Èyí tó burú jù ni kí wọ́n pa orúkọ àtijọ́ rẹ́: gbogbo ìtọ́ka tó ń lọ síbẹ̀ ti kú nìyẹn, helptags kò sì ní wí nǹkan kan. Git grep, àṣẹ tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú àwọn fáìlì, ni kí ẹ fi wá wọn. Kí ìlà kọ̀ọ̀kan má ju lẹ́tà àti àlàfo 78 lọ. Ẹ má kàn kọ "kò dáa". Ẹ kọ gbólóhùn tí ẹ fẹ́ gan-an.