Ẹ bi Ẹ̀gbọ́n: Àwọn tó lọ sùn sí pàákì ní New York, kí ni wọ́n rí gbà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Lórí Occupy Wall Street yẹn, ìyẹn àwọn tó lọ pàgọ́ sí pàákì ní New York torí wọ́n ń bínú sí báǹkì àti kọ́ńpìnì ńlá, kí ló dé tí ọlọ́pàá ò lé wọn dànù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣebí ká ní Naija ni, tíágáàsì á ti fọ́n ká. Kí ni wọ́n sì rí gbà níbẹ̀? (Olùkàwé, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ ṣeun. Ti ọlọ́pàá yẹn ló dùn jù, ẹ jẹ́ ká mú un ṣáájú. Zuccotti Park tí wọ́n pàgọ́ sí yẹn kì í ṣe ti ìjọba o, kọ́ńpìnì kan tó ń jẹ́ Brookfield ló ni ín, orúkọ alága wọn ni wọ́n tiẹ̀ fi sọ ọ́, àdéhùn tó sì ti wà lórí ilẹ̀ yẹn tipẹ́ ni pé kó máa ṣí fún ará ìlú tọ̀sán-tòru. Pàákì ìjọba ní tiẹ̀, wọ́n ń tì í lálẹ́. Nígbà tí wọ́n wá débẹ̀ lọ́jọ́ 17 oṣù kẹsàn-án 2011, ọlọ́pàá ò kàn lè ní aago ti lu, ẹ máa lọ. Àwọn tó ń bínú sí kọ́ńpìnì, ilẹ̀ kọ́ńpìnì ni wọ́n sá sí, ẹ ò rí nǹkan!

Ìjọba ìlú ò gbà kí àwọn tó pàgọ́ yìí lo ẹ̀rọ gbohùngbohùn láìgba ìwé àṣẹ. Kí ni wọ́n ṣe? Ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ á pariwo "mic check!", á sọ gbólóhùn kékeré kan, àwọn tó wà nítòsí á jọ tún un sọ, àwọn tẹ̀yìn náà á gbà á lẹ́nu wọn títí á fi kárí, bí ìgbà tí wọ́n bá ń dá orin tí èrò ń gbè é. Wọ́n ní ibi ìdáná, wọ́n tún ní láíbìrì.

Ohun tó ń bí wọn nínú ò ju méjì lọ lójú tèmi. Lọ́dún 2008 tí báǹkì dojú dé, ìjọba ya $700 bílíọ̀nù sọ́tọ̀ láti fi gbà wọ́n là, àmọ́ ẹni tí ò rí owó ilé san, báǹkì kàn ń gba ilé ẹ̀ ni. Nígbà tó di oṣù kìíní 2010, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà dájọ́, 5 sí 4, pé kọ́ńpìnì lè ná iye tó bá wù ú lásìkò ìbò láti gbé ẹnì kan lárugẹ tàbí láti ba tiẹ̀ jẹ́, kó ṣáà má fi owó náà lé olùdíje lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pariwo pé àwọn ni 99%, ìyẹn gbogbo èèyàn tó kù yàtọ̀ sí 1% tó lówó jù.

Wọ́n mú èèyàn tó lé ní 700 lórí afárá Brooklyn lọ́jọ́ 1 oṣù kẹwàá, nígbà tó wá di òru ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá, ọlọ́pàá kó àgọ́ wọn dànù, Bloomberg tó jẹ́ bílíọ́níà fúnra ẹ̀ ni mayor nígbà yẹn.

Kí ni wọ́n wá rí gbà? Ìdájọ́ 2010 yẹn ṣì dúró síbẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ 1% yẹn di ọ̀rọ̀ ẹnu ìlú, òun ni Bernie Sanders, sẹ́nétọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, gbé kiri nígbà tó ń wá ipò ààrẹ. Tèmi ni pé wọ́n kọ̀ láti sọ pé ohun kan pàtó báyìí làwọn fẹ́, ibẹ̀ ló ti bọ́ lọ́wọ́ wọn jàre.

Ìbéèrè: Ṣé Occupy Nigeria bá tiwọn tan? (Màmá kan, Ọ̀tà)

Ìdáhùn: Mà, orúkọ la yá lọ́wọ́ wọn, tiwa yàtọ̀. Lọ́jọ́ 1 oṣù kìíní 2012 ni ìjọba Jonathan yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà kan fò láti ₦65 sí ₦141, làwọn èèyàn bá tú sígboro, Ọ̀jọ́tà kún fọ́fọ́, NLC náà dáṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń bèèrè, nígbà tó fi máa di ọjọ́ 16 epo ti já sí ₦97, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sójà ni wọ́n kó wá sí Ọ̀jọ́tà lọ́jọ́ yẹn kan náà. Ti àwọn tó ń jẹ owó ìrànwọ́ yẹn ló wá burú jù, torí Farouk Lawan tí ilé aṣòfin fi ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń wádìí wọn, òun náà ló lọ gba rìbá $500,000 lọ́wọ́ oníṣòwò epo kan kó lè yọ orúkọ kọ́ńpìnì ẹ̀ kúrò, ilé ẹjọ́ sì rán an lẹ́wọ̀n lọ́dún 2021.