Ìlù Ọkàn Ajá Lórí Ìwé ECG

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Agùnbánirọ̀ ni mí, ilé ìwòsàn ẹranko kan ní Ìkòròdú, nítòsí Sábọ̀, ni wọ́n pín mi sí. A ní ẹ̀rọ ECG, tó ń ya bí iná ṣe ń rìn nínú ọkàn sórí ìwé, a sì máa ń so ó mọ́ ajá kí a tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Mo ti há gbogbo àwòrán inú ìwé sórí, ṣùgbọ́n bí ìwé bá ti ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ báyìí, gbogbo rẹ̀ a dà rú mọ́ mi lójú. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọkàn ajá Boerboel kan ń sáré díẹ̀, ó tún ń rọra díẹ̀, ni mo bá ní yàrá òkè ọkàn rẹ̀ ló ń gbọ̀n, èyí tí à ń pè ní atrial fibrillation. Ọ̀gá mi wo ìwé náà, wọ́n wo ajá náà, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n lọ wo bó ṣe ń mí. Kò tíì yé mi títí di òní. Báwo ni mo ṣe lè kọ́ ìwé yìí ní kíkà?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, dókítà wa. Ọ̀gá yín ti dáhùn tán kí ẹ tó kọ̀wé sí mi, àlàyé nìkan ló kù. Bí ajá tí ara rẹ̀ balẹ̀ bá mí sínú, ọkàn rẹ̀ a yára. Bó bá mí síta, a rọra, nítorí pé iṣan vagus, tó ti inú ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ wá kó ọkàn níjàánu, máa ń dẹ ìjánu náà nígbà tí ajá bá ń fa afẹ́fẹ́ sínú, ó sì máa ń fà á padà nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń jáde. Èyí kì í ṣe àrùn lára ajá rárá. Ẹ lọ yọ ìwé Boerboel yẹn jáde nínú fáìlì: bí ẹ bá rí ìgbì kékeré P (iná yàrá òkè ọkàn) níwájú QRS (ìgbì ṣóńṣó, iná yàrá ìsàlẹ̀ ọkàn) kọ̀ọ̀kan, tí àlàfo àárín QRS kan sí èkejì ń fún, tó tún ń fẹ̀, ní ọ̀nà kan náà léraléra, èémí lásán ni. P náà tilẹ̀ lè ga sí i bí ọkàn ṣe ń yára, kó sì kúrú bó ṣe ń rọra; ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín. Ṣùgbọ́n bí yàrá òkè ọkàn bá ń gbọ̀n lóòótọ́, ẹ kò ní rí P kankan, ilà wúruwùru lẹ máa rí níbi tó yẹ kó wà, àlàfo àárín QRS kò sì ní ní ètò, bí òjò tó ń kán sórí páànù tí ẹnikẹ́ni kò lè jó sí. Ọkàn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń sáré gan-an, bí ẹ bá sì fi ìka kan iṣan inú itan ajá náà, nígbà tí ẹ̀rọ ìgbọ́kàn wà létí yín, iye tí ìka yín yóò kà kò ní tó iye tí etí yín gbọ́.

Ní èdè wa, a ń ka ìwé, a sì ń ka owó. Lójú tèmi, ohun tó ń da àwọn ọ̀dọ́ dókítà láàmú ni pé wọ́n fẹ́ ka ìwé ECG bí ẹni ka ìwé ìròyìn, nígbà tó jẹ́ pé bí ẹni ka owó ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ kà á. Ẹ wo etí ìwé náà kí ẹ mọ̀ bóyá mìlímítà 25 ló ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tàbí 50. Bírò olómorí tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15 tó fún iṣẹ́ yìí: ẹ tẹ́ ẹ sórí ìwé, ẹ ka QRS láti ìdí rẹ̀ dé orí, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 10 bí eré ìwé bá jẹ́ 25, tàbí ìlọ́po 20 bó bá jẹ́ 50. Ẹni tó bá ṣi eré náà mú, ajá tí ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 120 ní ìṣẹ́jú kan lè di 60 lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì máa wá oògùn àìsàn tí kò sí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ béèrè bóyá gbogbo QRS ló ní P níwájú, àti bóyá gbogbo P ló ní QRS lẹ́yìn.

Bí ẹ bá wá pàdé QRS tó fẹ̀, tó rí jákujàku, tí kò ní P níwájú, ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí ẹ bi í kí ẹ tó fọwọ́ kan oògùn: ṣé ó yá jù ni, àbí ó pẹ́ jù? Èyí tó dé kí àkókò rẹ̀ tó pé, yàrá ìsàlẹ̀ ọkàn ló já ẹnu gbà. Ẹyọ kan tàbí méjì kò tó ohun tí à ń pariwo lé lórí, àmọ́ bó bá ń tò tẹ̀lé ara wọn lára Boxer tàbí Doberman tó ń dákú, ọ̀rọ̀ ti di ti pàjáwìrì. Èyí tó dé lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ gígùn, òun gan-an ló ń gba ẹ̀mí ajá náà là, nítorí pé iná tó yẹ kó wá láti òkè kò dé. Ẹni tó bá fi lidocaine, oògùn tó ń dá ìlù yàrá ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ dúró, pa á lẹ́nu mọ́ lè pa ajá náà pẹ̀lú. Àwòrán méjèèjì jọra púpọ̀ nínú ìwé, àkókò nìkan ló yà wọ́n.

Ọ̀pọ̀ rúdurùdu inú ìwé kò tilẹ̀ ti ọ̀dọ̀ ọkàn wá. Bí NEPA bá ń ta sí okùn yín, ẹ ó rí ìgbì wẹ́wẹ́ 50 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, méjì nínú àpótí kékeré (mìlímítà kan) kọ̀ọ̀kan ní eré 25. Ẹ tẹ́ rọ́bà sórí tábìlì onírin, kí ẹ sì fi sípíríìtì tàbí jẹ́ẹ̀lì rin ibi tí kílíìpù ti mú awọ. Jimmy, ajá bulldog tí Augustus Waller fi han àwọn ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1909, inú omi iyọ̀ ló ti ẹsẹ̀ bọ̀, nítorí iná kì í gba ara awọ gbígbẹ dáadáa. Èmi náà ti jìn sí kòtò kan rí. Ẹ̀rọ tí mo fi kọ́ṣẹ́, pupa ni wọ́n ń so mọ́ ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún. Wọ́n wá gbé ẹ̀rọ oníṣẹ́ Amẹ́ríkà dé, níbi tí funfun ti jẹ́ ti ẹsẹ̀ yẹn, tí pupa sì jẹ́ ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì. Mo so pupa síbi tó mọ́ mi lára, mo gbé funfun sẹ́yìn, gbogbo ìgbì lead II (ìlà tó ń wo iná láti ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì) sì dojú dé. Mo ti sọ fún olówó ajá pé ọkàn ajá rẹ̀ kò dára, kí nọ́ọ̀sì tó fọwọ́ tọ́ mi. Ẹ ka lẹ́tà ara kílíìpù, ẹ má tẹ̀lé àwọ̀.

Ní ti kíkọ́ ọ, ajá tí ara rẹ̀ le ni kí ẹ kọ́kọ́ máa yẹ̀ wò. Ẹ gba ìwé ogún nínú àwọn tí wọ́n ń kó wá gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kí ẹ sì kọ ohun tí ajá kọ̀ọ̀kan ń ṣe sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń gbọ̀n, ó ń sùn. Ẹ ó rí i bí ojú yín yóò ṣe tètè mọ èyí tó yàtọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Dókítà sọ pé ọkàn akọ ológbò mi ń lù ní ìgbà 200 ní ìṣẹ́jú kan. Ṣé kí n bẹ̀rù? Ìyá Ológbò, Ìgbógbó.

ÌDÁHÙN: Rárá o, ìyá wa. Ológbò tí wọ́n gbé nínú apẹ̀rẹ̀ kọjá láàárín ajá tó ń gbó, 200 kò pọ̀ fún un. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù lára akọ ológbò ni ìdàkejì rẹ̀: kó máa lọ sídìí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ léraléra, kó máa ké, kí ìtọ̀ má jáde. Potassium, irú iyọ̀ kan tí ìtọ̀ máa ń kó jáde, a kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìgbì P a pòórá nínú ìwé, T, ìgbì tó ń tẹ̀lé QRS, a ga ṣóńṣó, ọkàn a sì máa rọra títí yóò fi dúró. Bí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀ lálẹ́, ẹ má dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́.