Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ta Ló Ń Ka Ìkookò, Ta Ló sì Ń Náwó Sí I?

Lóṣù tó kọjá a kọ díẹ̀ nípa Isle Royale, erékùṣù kan nínú adágún ńlá Superior, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà. Láti ọdún 1958 ni àwọn onímọ̀ ti ń ṣọ́ àwọn ìkookò ibẹ̀ àti àwọn múùsì tí wọ́n ń pa jẹ. Kò sí ibòmíràn lágbàáyé tí wọ́n ti ṣọ́ apẹranjẹ àti ẹran ìjẹ rẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Múùsì yìí ló tóbi jù nínú ìdílé àgbọ̀nrín. Akọ rẹ̀ lè wọn tó 400 kílò. Lẹ́tà tí ẹ kọ sí wa pọ̀, a sì mú díẹ̀ nínú wọn dáhùn.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkookò kì í jẹ́ kí ènìyàn rí òun. Báwo ni wọ́n ṣe wá ń sọ pé ọgbọ̀n ló wà lọ́dún yìí, méjì ló wà lọ́dún yẹn? (Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta)

Ìgbà òtútù ni wọ́n ń kà wọ́n, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méje, láti inú oṣù kìíní wọ oṣù kẹta. Lákòókò náà, ọ̀pọ̀ igi ti wọ́wé, yìnyín sì ti bo ilẹ̀, ibi tí ẹranko bá fẹsẹ̀ tẹ̀ kò lè fara pamọ́. Àlejò kì í wọ ọgbà náà láti ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá títí di àárín oṣù kẹrin, nítorí náà àwọn awádìí díẹ̀ nìkan ló ń gbé ibẹ̀, ní Windigo lápá ìwọ̀-oòrùn erékùṣù. Ọkọ̀ bàálù kékeré ni wọ́n ń lò. Awakọ̀ á jókòó níwájú, ẹni tó ń wo ilẹ̀ á jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ti fi pákó gígùn méjì tó ń yọ̀ rọ́pò táyà rẹ̀, kó lè bà sórí adágún tó ti dì.

Bí wọ́n bá ti rí ojú ẹsẹ̀, wọ́n á máa tẹ̀lé e lókè títí wọ́n á fi bá ọ̀wọ́ ìkookò tó ni ín. Wọ́n á kà wọ́n, wọ́n á ya fọ́tò wọn, wọ́n á sì sàmì sí ibi tí wọ́n ti pa ẹran. Àṣìṣe tó rọrùn jù níbí ni kíka ọ̀wọ́ kan lẹ́ẹ̀mejì, torí pé ìkookò lè rin ọ̀pọ̀ kìlómítà ní òru kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń sapá láti rí gbogbo ọ̀wọ́ lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n tún ń ṣa ìgbẹ́ ìkookò kúrò lórí yìnyín. DNA inú rẹ̀ á sọ ìkookò tó su ún, bóyá akọ ni tàbí abo, àti àwọn òbí rẹ̀.

Múùsì ní tirẹ̀ pọ̀ ju ohun tí a lè kà lọ́kọ̀ọ̀kan lọ. Wọ́n yan 91 àyè káàkiri erékùṣù náà láti fi ṣojú gbogbo rẹ̀, kìlómítà kan níbùú lóròó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàálù á máa yí po lórí àyè kọ̀ọ̀kan títí ojú á fi rí gbogbo abẹ́ igi. Síbẹ̀ ojú kì í rí gbogbo rẹ̀, pàápàá níbi tí igi tí kì í wọ́wé bá ti ki. Ohun tí wọ́n ń ṣe sí i ni pé wọ́n so ẹ̀rọ GPS mọ́ ọrùn àwọn múùsì kan. Wọ́n mọ ibi tí àwọn yẹn wà, wọ́n á sì wò ó bóyá ẹni tó wà nínú bàálù rí wọn. Iye tí ojú rẹ̀ fò nínú àwọn yẹn ni wọ́n á fi ṣírò iye tó fò nínú ìyókù.

Ní 2021, àrùn Kòrónà kò jẹ́ kí wọ́n kà wọ́n. Ní 2024, ooru mú yìnyín adágún fẹ́lẹ́ débi pé bàálù kò rí ibi bà sí mọ́, wọ́n sì ká iṣẹ́ kúrò nílẹ̀ kí àkókò tó pé. Ó dun gbogbo ẹni tó mọyì iṣẹ́ yìí, torí pé ọdún tí a kò bá kà, kò sí bí a ṣe lè padà lọ kà á.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Chicago máa ń fi owó ara rẹ̀ lọ ṣa egungun múùsì nínú igbó fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń fi egungun ṣe? (Ìyá kan, Peckham, London)

Iṣẹ́ gidi ni, Mà, ẹ bá wa kí i. Moosewatch ni wọ́n ń pe ètò náà, ó sì ti wà láti ìparí àwọn ọdún 1980. Ẹ̀rùn ni wọ́n ń ṣe é. Olùdarí kan á kó ènìyàn bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún wọ inú igbó tí kò lọ́nà, oníkálukú pẹ̀lú àgọ́ àti oúnjẹ rẹ̀ lẹ́yìn. Wọ́n á tò lọ gbọọrọ, ẹnì kan á jìnnà sí èkejì díẹ̀, wọ́n á sì máa rìn lọ nínú irà, lórí igi tó wó, láàárín ẹ̀fọn. Ẹni tó bá rí egungun á pariwo, gbogbo wọn á pé jọ.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n iṣẹ́ wà. Ìkookò kì í jẹun síbì kan. Orí lè wà níhìn-ín, kí itan wà nídìí igi mìíràn lọ́hùn-ún. Wọ́n á wá yíká kí wọ́n tó gbà pé ó ti tán. Ohun mẹ́rin ni wọ́n ń wá jù: agbárí àti àgbọ̀n ìsàlẹ̀ pẹ̀lú eyín rẹ̀, egungun ìbàdí, ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn, àti egungun gígùn tó wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Wọ́n á kọ àmì GPS ibẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n rí àti ohun tí wọn kò rí, wọ́n á so nọ́ńbà mọ́ egungun, wọ́n á sì gbé e jáde lẹ́yìn. Ìwo ló máa ń wu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ṣùgbọ́n àgbọ̀n dídọ̀tí tó rì sínú ẹrẹ̀ ló níye lórí jù. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ mú nǹkan kan lọ sílé nínú ọgbà ìjọba yìí.

Bí egungun bá dé yàrá ìwádìí, wọ́n á gé eyín kan, wọ́n á wo ìlà inú rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ awò-ohun-kékeré. Ìlà kan ń dúró fún ìgbà òtútù kan. Bí wọ́n ṣe ń mọ ọjọ́ orí ẹran náà nígbà tó kú nìyẹn, àti ọdún tí wọ́n bí i. Wọ́n á wo ìbàdí bóyá àrùn oríkèé ti jẹ ẹ́. Ẹran tí ebi pa nígbà tó wà ní kékeré ni àrùn yìí sábà máa ń mú nígbà tó bá dàgbà, irú ẹran bẹ́ẹ̀ kì í sì í lè sá mọ́ ìkookò lọ́wọ́. Egungun ẹsẹ̀ tó kúrú ń sọ pé ìyá rẹ̀ kò jẹun kánú. Wọ́n wọn àwọn agbárí, wọ́n sì rí i pé láàárín ogójì ọdún, ó ti fi nǹkan bí ìdá 16 nínú 100 kéré sí ti àtijọ́.

Ó tún ku ọ̀kan tó wú wa lórí gan-an. Eyín máa ń gba ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ àti ewé ní ìgbà ayé ẹran sára. Nígbà tí wọ́n yẹ eyín ọ̀pọ̀ ọdún wò, wọ́n rí i pé májèlé mẹ́kúrì lọ sílẹ̀ gan-an ní àwọn ọdún 1980. Àwọn tó ń ṣa egungun nígbà ayé Durward Allen, ọ̀jọ̀gbọ́n Purdue tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀, kò ní mẹ́kúrì lọ́kàn rárá. Wọ́n ṣáà ṣà á, wọ́n tọ́jú rẹ̀, wọ́n kọ ọdún sí i lára.

Ṣé ìkookò kò ní pa àwọn tó ń ṣa egungun yìí jẹ? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ọ̀yọ́)

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í rí ìkookò kankan títí wọ́n á fi padà sílé. Ẹ̀rù abo múùsì tó ní ọmọ lẹ́yìn ni kí ènìyàn bà, kó sì yà fún un. Omi náà ńkọ́? Ẹyin aràn kan tó ń gbé ara ìkookò àti múùsì wà nínú omi erékùṣù náà, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ sè é tàbí kí wọ́n sẹ́ ẹ dáadáa kí wọ́n tó mu ún.

Mo kà á pé ìjọba Amẹ́ríkà kó ìkookò tuntun lọ sí erékùṣù yẹn. Kí ló dé tí wọn kò fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run? (Bàbá kan, Ìlọrin)

Bàbá, ọwọ́ ènìyàn ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà ṣáájú. Ìkookò 50 ló wà ní 1980. Ní 1982, ó ku 14. Àrùn pávò tí ajá ń kó ni, ẹnì kan ló sì mú ajá wọ ibẹ̀ láìgbàṣẹ. Láti ìgbà náà ni ìbátan ti ń gun ìbátan. Ní 1997, akọ kan fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lórí yìnyín wá láti ilẹ̀ Kánádà, ẹ̀jẹ̀ tuntun wọlé, ara wọ́n le fúngbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n láìpẹ́, ọmọ àti ọmọ-ọmọ akọ yìí ló kún gbogbo ibẹ̀, ìṣòro náà sì padà dé. Ju ìdajì àwọn egungun ìkookò tí wọ́n yẹ̀ wò lọ ló ní àbùkù ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn. Ní 2016, ìkookò méjì péré ló kù, bàbá àti ọmọbìnrin rẹ̀. Láyé àtijọ́, yìnyín máa ń so erékùṣù náà mọ́ ilẹ̀, àwọn mìíràn á sì lè kọjá wá. Ní báyìí tí ayé ti ń gbóná, kì í sábà dì tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Múùsì ti lé ní 2,000 ní 2019, wọ́n sì ń jẹ àwọn igi kéékèèké run. Àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò. Rolf Peterson àti John Vucetich ti Yunifásítì Michigan Tech fẹ́ kí wọ́n tètè mú ẹ̀jẹ̀ tuntun wọlé. David Mech, akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ lórí iṣẹ́ náà, ní kí wọ́n mú sùúrù kí wọ́n máa wò ó. Ìjọba ṣí ìwé fún ará ìlú láti sọ èrò wọn kó tó pinnu, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kọ̀wé. Láàárín 2018 sí 2019, wọ́n kó ìkookò 19 wá láti Minnesota, Ontario àti Michigan. Ní 2024, iye wọn ti tó 30, múùsì sì ti lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí 840. Lójú tiwa, Peterson àti Vucetich ló sọ òótọ́.

Ṣé kò sí ìkookò nílẹ̀ Áfíríkà ni? (Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ẹranko, Ìbàdàn)

Ó wà. Èyí tó yẹ ká tètè gbà là ni ti orí òkè Etiópíà, pàápàá òkè Bale. Àwọn àgbà inú wọn kò tó 500. Dìgbòlugi tó ń wá láti ara ajá darandaran ni ọ̀tá wọn. Nígbà tó bá jà, ó lè pa ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tó wà ní àfonífojì kan. Ètò tó ń dáàbò bò wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1995, lábẹ́ Claudio Sillero ti Yunifásítì Oxford, owó ọrẹ ló sì ń gbé e ró dé ìwọ̀n gíga. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ló ń gun ẹṣin káàkiri láti ṣọ́ wọn. Wọ́n ń fún ajá abúlé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́dọọdún. Ní 2018, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi oògùn àjẹsára pamọ́ sínú ẹran ewúrẹ́, wọ́n á jù ú fún ìkookò, á sì jẹ ẹ́ fúnra rẹ̀.

Mo fẹ́ máa fi dọ́là 25 ránṣẹ́ lóṣooṣù. Ṣé ó tó nǹkan? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe gbájúẹ̀? (Òǹkàwé kan, Houston)

Ó tó nǹkan, ìyẹn tẹ́ ẹ sọ pé lóṣooṣù gan-an ló jẹ́ kó tó. Owó ìwádìí ìjọba máa ń wá fún ọdún mélòó kan, á sì parí. Ìkookò kò mọ̀ pé owó ti parí. Tí àlàfo bá ṣí láàárín owó kan àti èkejì, ọrẹ ará ìlú ni wọ́n fi ń dí i: epo bàálù, owó awakọ̀, owó àyẹ̀wò DNA, owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ìlà eyín. Ní ọgbà Yellowstone ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti dá ìkookò padà ní 1995 àti 1996, ọrẹ tó ń gba ọwọ́ ẹgbẹ́ Yellowstone Forever kọjá ló ń ran iṣẹ́ ìkookò lọ́wọ́. Kọ́là GPS, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ ẹran lọ́rùn, kan ṣoṣo lè jẹ ẹgbẹ̀rún dọ́là mélòó kan, owó hẹlikópítà tí wọ́n fi ń yìnbọn oògùn oorun sí ìkookò kò sì sí nínú ìyẹn.

Ní ti gbájúẹ̀, ẹ má ṣe fi owó ránṣẹ́ sí ojú ìwé Facebook tó kàn ń fi fọ́tò ìkookò hàn. Ẹ gba ẹ̀ka ìtọrẹ yunifásítì tàbí ẹgbẹ́ tí ọgbà fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí. Ẹ kọ orúkọ iṣẹ́ náà gan-an sí ibi tí wọ́n ti bi yín pé kí ni owó wà fún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, inú àpò gbogbogbò ló máa bọ́ sí. Ẹ gba rìsíìtì, torí owó orí yín. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè fún ìròyìn ọdọọdún wọn, kí ẹ sì wo ọdún tí nǹkan kò lọ déédéé, bí 2021. Ẹgbẹ́ tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé àwọn kò rí ẹran kà lọ́dún náà, tó sì sọ ìdí rẹ̀, ni kí ẹ fọkàn tán. Ti Isle Royale máa ń kọ orúkọ àwọn tó tọrẹ sẹ́yìn ìròyìn, bí iye tí wọ́n fún wọn tilẹ̀ kéré.