Ojú tó ń ṣomi, gbígbẹ ló ń gbẹ

Àbúrò mi, ẹ kú ìfaradà. Ẹ ní láti ìgbà tí nǹkan oṣù yín ti dúró ni ojú ti ń ta yín, tó sì ń ṣomi, àwọn kan ní Àpólò ni. Mo bẹ yín, ẹ má tíì kán nǹkan kan sí i.

Aṣọ ni mò ń rán, nítòsí Táákì níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ti pé ọdún 51 nígbà tí tèmi bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀, á dà bíi pé yanrìn wà lábẹ́ ìpéǹpéjú mi. Tó bá di ọ̀sán, mi ò lè ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́, ọmọ iṣẹ́ ló ń bá mi tì í. Tọyẹ́ ló wá burú jù. Mo ra oògùn ojú ní kẹ́mísìtì kan, ojú dá fún ọjọ́ mẹ́ta, ó tún padà dé, mo tún rà á. Oṣù 14 ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Sítẹ́rọ́ìdì, oògùn tó ń mú kí pípọ́n àti wíwú rọlẹ̀, wà nínú oògùn náà, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Nígbà tí mo fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú, ìfúnpá inú ẹyinjú mi ti lọ sókè, ìyẹn tó lè di glaucoma, tó ń fọ́ ojú èèyàn díẹ̀díẹ̀. Ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run pé ó wálẹ̀ nígbà tí mo jáwọ́.

Ohun tí dókítà obìnrin yẹn kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Mọ́mì, ìgbà wo lẹ rí nǹkan oṣù yín gbẹ̀yìn?" Inú tiẹ̀ bí mi. Kí ló kan ojú níbẹ̀?

Ó kàn án gan-an. Àwọn ihò tíntìntín wà létí ìpéǹpéjú tó ń tu òróró. Òróró yìí ló ń bo omi ojú kí afẹ́fẹ́ má fà á gbẹ. Họ́mọ́ọ̀nù tí wọ́n ń pè ní androgen, tó pọ̀ lára ọkùnrin ṣùgbọ́n tó wà lára àwa náà, ló ń mú wọn ṣiṣẹ́. Bó bá ti ń dín kù bí a ṣe ń dàgbà, òróró á máa dì. Ojú tó gbẹ á wá máa ta, á máa da omi láti fi tu ara rẹ̀ lára, ṣùgbọ́n omi tí kò lóròóró kì í dúró. Dókítà tẹ ìpéǹpéjú mi, ó gbé dígí sí mi níwájú: ohun tó yọ funfun, ó dì bí òrí àárọ̀ ọyẹ́.

Kì í ṣe obìnrin nìkan. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń gba abẹ́rẹ́ tó ń dín androgen kù nítorí jẹjẹrẹ próstéètì, ojú tiẹ̀ náà gbẹ.

Ẹ ní ẹ ń lo estrogen, họ́mọ́ọ̀nù obìnrin, nítorí ooru òru. Ẹ jẹ́ kí dókítà ojú gbọ́. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2001, lórí obìnrin tó lé ní 25,000, fi hàn pé ojú gbígbẹ wọ́pọ̀ sí i láàárín àwọn tó ń lo estrogen nìkan, láìfi họ́mọ́ọ̀nù mìíràn kún un. Ẹ má fúnra yín dá a dúró o.

Tèmi, táwẹ́ẹ̀lì kékeré tí mo rì sínú omi gbígbóná tí ara lè gbà ni, ìṣẹ́jú 10 láàárọ̀ àti lálẹ́. Bó bá ti ń tutù, mo tún ń rì í. Lẹ́yìn náà ni mo ń fi ìka tẹ ìpéǹpéjú jẹ́jẹ́ lọ sí ìdí irun rẹ̀, kí n tó kán omijé àtọwọ́dá tí dókítà kọ fún mi. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí n tó rí ìyàtọ̀, torí náà kí ọkàn yín má pòrúurùu.

Gbogbo ìgò oògùn tí ẹ ti kán sójú, títí kan èyí tó ti tán, ẹ kó wọn dání tí ẹ bá ń lọ.