Fítámì Kọ́ Ló Ń Dá Ìsanra Padà

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ó pé oṣù méje tí mo ti ṣe iṣẹ́ abẹ sleeve, èyí tí wọ́n fi ń gé àpòlúkù kù kí ènìyàn lè fọn. Kílò 141 ni mo wà tẹ́lẹ̀, mo ti dé 106, ṣùgbọ́n láti oṣù tó kọjá kò sọ̀ mọ́, irun mi sì ń já. Wọ́n ní fítámì tí mo ń lò ló ń mú ènìyàn sanra, mo ti jáwọ́ níbẹ̀. Ṣé mo lè fi àgbo fọ ọ̀rá tó kù?

ÌDÁHÙN: Ẹ má fọ nǹkan kan, ẹ̀yin ìyá mi. Irọ́ yìí ti sú mi í gbọ́, torí ó ń ṣe àwọn ènìyàn lọ́ṣẹ́.

Fítámì kì í di ọ̀rá lára. Ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà ní "fítámì ìsanra", dexamethasone àti cyproheptadine ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Oògùn nìyẹn, ó sì léwu. Kò bá ti ilé ìwòsàn yín tan.

Nínú sleeve, bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù ni wọ́n ń gé sọnù. Ibẹ̀ gan-an ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń bá ara gba B12. Oúnjẹ yín ti kéré, ìwọ̀nba tí ara ń rí mú níbẹ̀ tún dín. Ìdí nìyẹn tí fítámì fi di ti ojoojúmọ́ títí ayé: B12, B1, D, kálísíọ̀mù, ayọ́ọ̀nù.

Wọ́n gbé obìnrin kan wá bá mi rí tó ti ń bì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò lè dúró, ẹyinjú rẹ̀ ń mì láìdúró. Ìgò àgbo wà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. B1 ló tán lára rẹ̀. Ìrìn rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò tán.

Ti irun, ó wọ́pọ̀, ó sì sábà máa ń hù padà bí amúaradàgbà bá tó: ó kéré tán, gíráàmù 60 lóòjọ́. Ẹyin kan kò ju bíi 6 lọ, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹja kí ẹ tó kan ẹ̀kọ. Kí kílò dúró fúngbà díẹ̀ kì í ṣe àìsàn, àmọ́ ẹ yẹ ohun tí ẹ ń mu wò: mọ́ọ̀tì àti mínírà kì í há sọ́nà, wẹ́rẹ́ ni ṣúgà inú wọn ń wọlé.

Èmi kò yẹ̀ yín wò o. Ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, kí wọ́n sì sọ ìwọ̀n tí ẹ ó lò. Ṣùgbọ́n bí èébì bá ju ọjọ́ méjì lọ, tàbí tó ń ṣe yín bíi pé èèrà ń rìn ní àtẹ́lẹsẹ̀, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni. Kí wọ́n tó fa dírípù oníṣúgà sí yín lára, ẹ sọ fún wọn pé: "Wọ́n ti gé àpòlúkù mi, ẹ fún mi ní B1 ná."