Ẹ jẹ́ kó sọ ohun tí ìlà ń wí kó tó dárúkọ ọnà èdè

Ẹ kú ìbéèrè o, ìyá wa. Bí mo ṣe gbọ́ ọ yé, ọmọbìnrin yín tó wà ní SS2 ti há gbogbo orúkọ ọnà èdè, ìyẹn àwọn ọgbọ́n tí akéwì ń fi èdè dá, sórí pátá, síbẹ̀ bí wọ́n bá gbé ewì síwájú rẹ̀, kò mọ ohun tí ewì náà ń wí. Bí wọ́n bá sì bi í ní kókó ọ̀rọ̀, "ìfẹ́" tàbí "ikú" ló máa ń kọ, tíṣà á sì fa igi lé e. Ẹ ní ṣé ọpọlọ rẹ̀ ni kò gba Lítíréṣọ̀ ni. Ọpọlọ rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ́ ọ ló wọ́.

Èmi náà jẹ palaba ìyà lọ́wọ́ iṣẹ́ yìí. Tíṣà tó kọ́kọ́ kọ́ wa, ojú pátákó ló máa ń kọjú sí: àfiwé tààrà, àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ (kí a pe nǹkan kan ní nǹkan mìíràn), ìfohunpènìyàn (kí a mú ohun tí kì í ṣe ènìyàn ṣe bí ènìyàn), àsọrégèé, ìbéèrè pèsìjẹ, àwítúnwí. A ó dà á kọ, a ó há a, ó parí. Nígbà tí èsì WAEC jáde, F9 ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lítíréṣọ̀ mi, èmi tí mo lè ka gbogbo orúkọ yẹn lójú oorun. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tó ń gbé ní Aké ní Abẹ́òkúta níbí, ló gbà mí. Òfin kan ṣoṣo ló wà nílé rẹ̀: o kò gbọdọ̀ dárúkọ ọnà èdè kankan àfi bí o bá ti fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán sọ ohun tí ìlà yẹn ń wí. Bí o bá ní, "Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni, sà," á ní, "Mi ò bi ọ́ ní orúkọ rẹ̀. Kí ló wá ṣe níbẹ̀?" Ó le. Ẹkún ni mo máa ń sun délé nígbà míì. Ṣùgbọ́n òfin bàbá yẹn ni mo fi yege nígbà tí mo tún un ṣe, òun náà ni mo sì fi ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń wá sọ́dọ̀ mi ní ìrọ̀lẹ́.

Àlọ́ àpamọ̀ ni mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọmọ yín ti mọ̀ ọ́n kó tó gbọ́ orúkọ Lítíréṣọ̀ rárá. Òkun ń hó yee, ọ̀sà ń hó yee, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́. Kí ni o? Ọmọrogùn. Gbogbo wa la mọ ìdáhùn, bí a bá sì ti sọ ọ́ báyìí, a ti bọ́ sórí àlọ́ mìíràn. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀. Ìkòkò láfún ló wà lórí iná. Ẹni tó pa àlọ́ pè é ní òkun. Kí ló mú lára òkun? Ó mú híhó rẹ̀, ó mú ariwo rẹ̀, ó mú ewu rẹ̀. Kí ló fi sílẹ̀? Iyọ̀, ẹja, ọkọ̀ ojú omi, gbogbo ìyẹn ló fi sílẹ̀, torí kò sí èyí tó bá ìkòkò mu nínú wọn. Fífẹ̀ òkun wá ńkọ́? Ó mú ìyẹn náà, ṣùgbọ́n àsọdùn ló fi ṣe, kí ìkòkò kékeré lè dẹ́rù bani. Ká tún wo ọmọ burúkú. Igi ni ọmọrogùn, kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ẹni tí gbogbo ayé ń sá fún ohun gbígbóná, tí òun nìkan torí bọ inú rẹ̀, kí là ń pè é nílé wa? Olóríkunkun ni. Nínú ìlà kan ṣoṣo yìí, ìkòkò ti di òkun, igi ìdáná ti di ènìyàn, ẹ sì ti ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà yìí gan-an ni mo tó máa ń gbà kí ọmọ dárúkọ ọnà èdè. Kò ní ṣì í mọ́, torí ó ti rí iṣẹ́ tí ó ń ṣe.

Kí ló mú, kí ló fi sílẹ̀? Bí ọmọ yín bá lè máa bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè méjì yìí ní gbogbo ìgbà tí akéwì bá fi nǹkan wé nǹkan, ó ti já ìdajì ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká gbé e lé ewì wàyí. Mo kọ ìlà mélòó kan fún àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ mi, kí wọ́n má baà rí ìdáhùn rẹ̀ kà níbòmíràn:

Olúmọ jókòó, kò dìde,
Ó ń wo mọ́tò tó ń sáré gba Ìbarà lọ.
Ọmọ tí mo pọ̀n yí àpáta yìí ká
Ti kọ́lé sí ìlú tí n kò mọ̀ ọ́n pè.
Olúmọ, ṣé ìwọ náà ń retí kí fóònù dún?

Ọmọ tó bá ń kánjú á kọ ọ́ pé: "Ewì yìí dá lórí Àpáta Olúmọ. Akéwì lo ìfohunpènìyàn láti mú kí ewì náà dùn." Mo ti ka "láti mú kí ewì náà dùn" yìí débi pé ó ti ń rí mi lára. Kò sí máàkì nínú rẹ̀, torí ènìyàn lè kọ ọ́ sábẹ́ ewì èyíkéyìí láyé yìí láìka ewì ọ̀hún.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ á kọ́kọ́ béèrè pé ta ló ń sọ̀rọ̀. Kì í ṣe Olúmọ. "Ọmọ tí mo pọ̀n" ti tú u fó: ìyá ni, tàbí ìyá àgbà. Ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Òkúta. Ẹni tó bá ń bá òkúta sọ̀rọ̀, ó jọ pé kò sí ẹlòmíràn nílé. Ẹ ṣàkíyèsí pé ewì kò sọ níbì kankan pé ìyá náà dá wà. Àwa la fà á yọ, ẹ̀rí wa sì wà nínú ìlà. Ẹ wá wo "kò dìde". Àpáta kì í dìde, kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Kí ló dé tí wọ́n wá ń sọ ọ́ fún wa? Ta ni kò lè dìde mọ́? Ibí yìí ni àwọn ọmọ máa ń dákẹ́ sí, lẹ́yìn náà ni ọ̀kan á rọra ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìyá yẹn ni. Orúnkún ń dùn ún." Ọmọ dáadáa! Ara rẹ̀ ni ìyá náà ń fi àpáta sọ.

Ìtàn tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní nǹkan bí 1830, nígbà tí ogun lé àwọn Ẹ̀gbá kúrò ní ilé wọn àtijọ́, Sódẹkẹ́ ló ṣáájú wọn wá síbí, abẹ́ Olúmọ ni wọ́n sì forí pamọ́ sí. Ààbò ni àpáta yẹn jẹ́ lójú ọmọ Abẹ́òkúta. Ohun tó dáàbò bo odindi ìlú ni akéwì wá mú jókòó lẹ́bàá títì, tó ń wo mọ́tò tí kò yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìtàn yìí lè lóye ìlà máràrùn-ún o, àmọ́ kò ní mọ ìdí tó fi jẹ́ Olúmọ, tí kò fi jẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé.

Kí wá ni kókó ọ̀rọ̀? Bí ó bá kọ "ìyá" tàbí "ìrìn àjò", ohun tí ewì dá lé lórí ló kọ yẹn. Kókó ọ̀rọ̀ ni ohun tí ewì ń sọ nípa nǹkan ọ̀hún, odindi gbólóhùn ló sì gbọ́dọ̀ jẹ́. Èmi kọ tèmi báyìí: àwọn tó dáàbò bò wá la máa ń fi sẹ́yìn nígbà tí ewu bá ti kọjá. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kò gbà. Ó ní ewì kò sọ pé ọmọ gbàgbé ìyá rẹ̀, pé bóyá ó ń pè é déédéé, ṣebí ìyá fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ó ti kọ́lé. Ó ní ohun tí ewì ń sọ ni pé ohùn inú fóònù kò lè rọ́pò ọmọ tó wà nítòsí. Mo fún un ní máàkì tó jọjú, torí inú ìlà ló ti mú ẹ̀rí rẹ̀, kò mú un láti inú orí. Ohun tí ènìyàn méjì lè jókòó jiyàn lé lórí báyìí ni kókó ọ̀rọ̀. Ta ló fẹ́ bá ọmọ yín jiyàn lórí "ìfẹ́"?

Bí ó bá ti kọ gbólóhùn rẹ̀ tán, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà tó gbẹ̀yìn ewì. Akéwì kì í sábà fi ibẹ̀ ṣeré. Bí gbólóhùn náà kò bá gba ìlà yẹn mọ́ra, kó tún un kọ.

Bí ó bá ní ìwé kan níbi tí wọ́n ti to àmì sílẹ̀, pé dúdú ni ikú, funfun ni ìwà mímọ́, àdàbà ni àlàáfíà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn bàbá wa tó ń pàrokò, tí wọ́n ń fi nǹkan ránṣẹ́ dípò ọ̀rọ̀ ẹnu, gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó ẹyọ méjì tí wọ́n so kojú síra, ọ̀rọ̀ ìrẹ́pọ̀ ni. Bí wọ́n bá so owó ẹyọ méjì kan náà kẹ̀yìn síra, ìjà ti dé nìyẹn. Owó ẹyọ kò yí padà, bí wọ́n ṣe so ó ló yí padà.

Èyí ló ń pa àwọn ọmọ wa lára jù nínú ewì Gẹ̀ẹ́sì, torí ojú ọjọ́ ibẹ̀ kì í ṣe tiwa. Ewì olókìkí kan wà tí akéwì ti ń béèrè bóyá kí òun fi olólùfẹ́ òun wé ọjọ́ kan nígbà ooru. Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ mi rò pé èébú ni, mi ò sì bá wọn wí. Ẹ fi ọmọge wé ọ̀sán gangan oṣù kẹta ní Láfẹ́ńwá, kí ẹ wá wo bó ṣe máa dá yín lóhùn! Ṣùgbọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òtútù a máa pẹ́ nílẹ̀, ìgbà ooru kò sì ju nǹkan bí oṣù mẹ́ta lọ, gbogbo ènìyàn ló ń dúró dè é. Dídára rẹ̀ àti bí kì í ṣe pẹ́ ni akéwì yẹn ń wò. Kí ọmọ kọ́kọ́ béèrè ibi tí akéwì dúró sí kó tó béèrè ohun tí oòrùn dúró fún.

Ohùn náà ṣe pàtàkì. Bí ìyá ọkọ bá bá ìyàwó lórí ibùsùn ní aago mẹ́wàá àárọ̀, tó ní, "Ìyàwó wa, ẹ mà kú iṣẹ́ o," kò sẹ́ni tó máa rò pé ó ń kí i. Irú ìkíni báyìí pọ̀ nínú ewì, ojú lásán kì í rí i. Kó máa kà á sókè, kó sì kà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àwọn tó ń dá ẹ̀gẹ̀, ewì alohùn ilẹ̀ Ẹ̀gbá níbí, bí ẹ bá gbọ́ wọn níbi ìnáwó, ẹ ní kó fetí sí ibi tí wọ́n ti ń fi ìyìn bú ènìyàn.

Ìtàn àròsọ àti eré oníṣe kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Kó wo ohun tó ń padà wá léraléra, àti ohun tí olú ẹ̀dá ìtàn pàdánù.

Nínú ìdánwò, kó fa ìlà yọ, kó sọ ohun tí ìlà náà ń ṣe, kí orúkọ ọnà èdè tó tẹ̀ lé e. Bí àpẹẹrẹ: "Nínú 'Olúmọ jókòó, kò dìde', akéwì mú àpáta ṣe bí ènìyàn kí a lè rí i pé ìyá náà kò lókun láti rìn mọ́, láìsọ ọ́ ní tààrà. Ìfohunpènìyàn ni." Bí ó bá mọ èyí, ẹ̀rù ewì tí kò kà rí, èyí tí WAEC máa ń gbé síwájú wọn, kò ní bà á mọ́.

Ẹnì kan tó ti dá yín lóhùn ṣáájú mi ní kí ẹ ra ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ti kọ àlàyé ewì sí, èyí tí wọ́n ń tà ní Kútọ̀. Mi ò lòdì sí i. Ṣùgbọ́n inú yàrá yín ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí. Ìgbà tó bá ti kọ gbólóhùn tirẹ̀ sílẹ̀ ni kí ẹ mú un jáde, kó fi wéra. Mo ti rí ọ̀kan nínú wọn tó pe ìyá tó ń sọ̀rọ̀ nínú ewì kan ní ọkùnrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí tirẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti ìwé náà, kó má kánjú pa á rẹ́. Kó kọ́kọ́ wá ìlà tó gbè é lẹ́yìn. Bí ewì kan bá wà tó ń yọ ọ́ lẹ́nu lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ síbí, a ó jọ kà á.