Ẹ má tíì wọ kóòtù: ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ bàbá lórí ìwé ṣíà wọn

Ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ bàbá, ẹ̀yìn wọn á dára.

Mo ka ìbéèrè yín lẹ́ẹ̀mejì, àfi bí ẹni pé èmi ni mo kọ ọ́ lọ́dún 2021. Ẹ ní Manchester lẹ wà, pé bàbá kú lóṣù kẹta, màmá sì rí báàgì kan tó kún fún ìwé ṣíà, ìyẹn ìpín tí bàbá rà nínú ilé iṣẹ́, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin ní kí ẹ fowó ránṣẹ́ kíá, pé lọ́jọ́ Ajé ni àwọn àti lọ́yà ń lọ sí Probate, ẹ̀ka kóòtù tó ń rí sí ogún, láti gba Letter of Administration, ìwé tí kóòtù fi ń fúnni láṣẹ lórí ogún òkú. Ẹ wá ń béèrè bóyá ẹ lè máa bójú tó o fúnra yín láti ibi tẹ́ ẹ wà, kí owó orí ìwé náà lè máa wọlé fún màmá.

Ẹ lè ṣe é. London ni mo wà tí mo fi ṣe tiwa. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín lónìí, kí wọ́n dúró ná. Kí ẹnikẹ́ni má wọ kóòtù títí ẹ ó fi ka ohun tójú wa rí.

Bàbá mi kú lóṣù kọkànlá ọdún 2020. Tíṣà ni wọ́n. Owó wọn ò pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í ná an tán. Nígbà tí òfin ìjọba Gowon lọ́dún 1972 ní kí àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ta lára ìpín wọn fún ọmọ Nàìjíríà, bàbá mi yá owó kọ́párétíìfù láti ra díẹ̀. Wọ́n tún rà nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn ilé iṣẹ́ tirẹ̀ lẹ́yìn òfin ọdún 1988, wọ́n sì rà lọ́wọ́ àwọn báǹkì nígbà tí ìpolówó ṣíà gba gbogbo rédíò láàárín 2005 sí 2007. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún láti orí ìwé àkọ́kọ́ dé orí èyí tó gbẹ̀yìn. Akọ̀wé tó ń tẹ orúkọ wọn láàárín ìgbà yẹn kì í ṣe ẹnì kan, bàbá mi pàápàá ò sì kọ orúkọ wọn bákan náà ní gbogbo ìgbà. Lórí ìwé tó pẹ́ jù, orúkọ ìdílé ló ṣáájú. Nígbà tí wọ́n ti Mẹ́kà dé lọ́dún 1983, wọ́n fi "Alhaji" kún un, akọ̀wé kan sì tẹ̀ ẹ́ sí àyè orúkọ àbísọ gan-an. Lórí òmíràn, lẹ́tà kan péré ló dúró fún orúkọ Mùsùlùmí wọn. Òmíràn tún fi "h" sí ibi tí "h" ò sí. Ìwé 17, ilé iṣẹ́ mẹ́sàn-án, orúkọ oríṣi márùn-ún fún bàbá kan ṣoṣo. Kò sí ẹni tó fojú sí i nínú wa. Bàbá wa ni, a mọ̀ wọ́n, kí la tún fẹ́ máa wo orúkọ wọn sí?

Ìbátan wa kan ló sáré lọ gba ìwé ikú ní ọ́fíìsì Àjọ Ìkànìyàn, orúkọ tí àdúgbò ń pè wọ́n ló sì fún wọn níbẹ̀. Lọ́yà da orúkọ yẹn kọ sínú fọ́ọ̀mù Probate. Lábẹ́ ohun ìní, ó kàn kọ ọ́ pé bàbá ní ṣíà ní ilé iṣẹ́ oríṣiríṣi, ó parí. A gbé e sínú ìwé ìròyìn, a dúró fún ọjọ́ 21 kí ẹni tó bá lẹ́jọ́ lè wí, a wá onígbọ̀wọ́ méjì tó nílé lórí, a sanwó. Oṣù méjì àti díẹ̀ tún wà níbẹ̀ tí kóòtù ò ṣí rárá, torí àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù káàkiri Nàìjíríà daṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù kẹrin ọdún 2021. Nígbà tí ìwé náà jáde lóṣù kẹsàn-án, màmá mi sunkún ayọ̀ lórí fóònù.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n mi kó gbogbo rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ rẹ́jísírà kan ní Èkó, àwọn tó ń tọ́jú orúkọ àwọn onípìn-ín fún ilé iṣẹ́. Aago mẹ́rin ìdájí ló kúrò nílé. Obìnrin tó dá a lóhùn tú àwọn ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń wo Letter, ó ń wo sátífíkéètì, ó sì ń fi bírò pupa yí orúkọ bàbá mi po lórí fọ́tòkọ́pì. Nígbà tó ṣe tán, ìwé mẹ́rin péré ló yè é. Ó ní orúkọ orí 13 yòókù kì í ṣe ti ẹni tí kóòtù fún wa láṣẹ lé ogún rẹ̀ lórí. Ẹ̀gbọ́n mi ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà, mò ń lọ síbi iṣẹ́ alẹ́, ojú mi ò sì lè kúrò lára àmì pupa yẹn. Ó dùn mí bí ẹni pé wọ́n ní bàbá mi ò gbé ayé rí.

A lọ búra ní kóòtù pé ẹnì kan náà ló ni orúkọ márààrún. Rẹ́jísírà yẹn gba ìwé ìbúra fún àwọn tí lẹ́tà kan péré fi yàtọ̀. Ti "Alhaji" àti ti orúkọ tó yí padà, ó ní àfi kí kóòtù tún Letter náà ṣe. Rẹ́jísírà kejì ò gba ìwé ìbúra kankan rárá. A tún padà sí kóòtù, ló bá di owó lọ́yà lẹ́ẹ̀kejì, ìwé ìròyìn lẹ́ẹ̀kejì. Fáìlì wa sọnù fún oṣù mẹ́ta, wọ́n wá rí i nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́yìn ẹni tó ń sọ fún wa pé kò sí níbẹ̀. Inú ṣì ń bí mi títí dòní. Màmá ẹni ọdún 74 ló ń jókòó lórí bẹ́ńṣì láti àárọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní sọ òótọ́ fún wọn pé ọ̀gá ò ní wá lónìí, ẹ máa lọ sílé ẹ lọ sinmi.

Oṣù kẹta ọdún 2023 ni ìwé tí wọ́n tún ṣe jáde, oṣù keje lowó wọlé. Lóṣù kẹfà tó ṣáájú rẹ̀ ni ìjọba tú náírà sílẹ̀. Dọ́là tí báǹkì ń tà ní nǹkan bíi ₦460 kọjá ₦700 kí oṣù náà tó parí. Oògùn ìfúnpá tí màmá mi ń lò, òkè òkun ló ti ń wá. Ẹ rí ohun tí orúkọ tí a ò yẹ̀ wò gbà lọ́wọ́ wa.

Nítorí náà, ohun tí màá fẹ́ kí ẹ ṣe kó tó di ọjọ́ Ajé nìyí. Ẹ ṣe fídíò pẹ̀lú màmá, kí wọ́n tẹ́ gbogbo ìwé náà sórí bẹ́ẹ̀dì. Tiwa ti lẹ̀ mọ́ra, òórùn kánfọ̀ ló ń ti inú wọn jáde. Ẹ rọra là wọ́n, ẹ má fipá ya á. Kí màmá máa ka orúkọ náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bó ṣe wà lórí ìwé, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń pe bàbá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ìwé, iye ṣíà àti àdírẹ́sì tó wà lórí rẹ̀. Ẹ wá gbé orúkọ orí ìwé ikú, ti BVN, ti NIN àti ti àkáǹtì báǹkì wọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Gbogbo orúkọ tó bá yàtọ̀, bó jẹ́ lẹ́tà kan ló fi yàtọ̀, ni kó wọ inú fọ́ọ̀mù Probate: orúkọ bàbá báyìí, tí a tún mọ̀ sí báyìí, tí a tún mọ̀ sí báyìí. Kí lọ́yà dárúkọ ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye ṣíà tó wà níbẹ̀. Bó bá ní kò pọn dandan, ẹ má gbà. Àwọn tó ń tẹ̀wé lábẹ́ agbòòrùn lẹ́nu ọ̀nà kóòtù ló sábà máa ń tẹ fọ́ọ̀mù náà, ẹ sì mọ̀ pé ìkánjú ni wọ́n fi ń ṣe é. Kí lọ́yà ya ohun tí wọ́n tẹ̀ ránṣẹ́ sí yín kí ẹnikẹ́ni tó buwọ́ lù ú. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kà á, ẹ má gbé e fún màmá.

Bí ìwé ikú fúnra rẹ̀ bá ní àṣìṣe, ẹ tún un ṣe báyìí. Lẹ́yìn Letter, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí ẹ béèrè: bí bàbá bá ti fún ẹ̀gbọ́n yín ní ìwé àṣẹ aṣojú nígbà ayé wọn, ó bá wọn kú, kó má fi lọ báǹkì. Ẹ̀yin pàápàá, mi ò ní kí orúkọ yín wà lára àwọn tí kóòtù máa fún láṣẹ, torí wọ́n á máa pè yín láti wá. Màmá àti ẹ̀gbọ́n yín ti tó. Bó bá sì jẹ́ pé bàbá ní ìyàwó míì, tàbí ọmọ níta, ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kà á nínú ìwé ìròyìn. Ẹnì kan ṣoṣo tó bá kọ̀wé ta ko yín á dá gbogbo rẹ̀ dúró.

Ìwé tó wà ní orúkọ ẹ̀yin fúnra yín kì í ṣe ogún, ẹ má kó o mọ́ ti kóòtù. Àwọn bàbá wa fẹ́ràn kí wọ́n fi orúkọ ọmọ ra ṣíà. Mo rí méjì tó ní orúkọ tí mò ń jẹ́ kí n tó relé ọkọ, ó sì gba ìwé ìgbéyàwó àti ìkéde ìyípadà orúkọ nínú ìwé ìròyìn kí wọ́n tó dá mi mọ̀. Torí pé mi ò sí nílé, mo ṣe Power of Attorney, ìwé àṣẹ aṣojú, fún ẹ̀gbọ́n mi. Apostille, ìyẹn òǹtẹ̀ tí ìjọba UK ń lẹ̀ mọ́ ìwé tó ń lọ sí òkè òkun, nìkan ò tó fún Nàìjíríà o. Ó kúrò lọ́dọ̀ notary, lọ́yà tó ń jẹ́rìí sí ìbuwọ́lùwé, ó lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó wà ní Milton Keynes, ó tún dé ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní Northumberland Avenue. Bẹ́ ẹ bá fò ọ̀kan níbẹ̀, wọ́n á dá a padà.

BVN ò fún mi ní wàhálà, fọ́ọ̀mù e-dividend, tó ń jẹ́ kí dífídẹ́ndì (èrè orí ṣíà) wọ báǹkì tààrà, náà ojú ìwé kan ni, ẹ̀gbọ́n yín á ṣe é. Alágbàtà ṣíà ló máa gbé ìwé náà sórí CSCS, ibi tí wọ́n ń tọ́jú ṣíà sí lórí kọ̀ǹpútà, ìyẹn náà ò le.

Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé owó náà ti jẹrà. Báǹkì tí ẹ ò rí pátákó rẹ̀ mọ́ lè wà nínú ikùn báǹkì míì. Nígbà tí Soludo, tó jẹ́ gómìnà báǹkì àgbà Nàìjíríà (CBN) nígbà yẹn, ní kí báǹkì kọ̀ọ̀kan ní ₦25 bílíọ̀nù, láti 2004 sí ìparí 2005, báǹkì 89 di 25, ọ̀pọ̀ ṣíà ló sì yí padà di ti ẹni tó gbé wọn mì. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó ju ìwé nù. Lára àwọn tí tiwọn bá omi lọ ni àwọn onípìn-ín báǹkì mẹ́ta tí ìjọba gbà lọ́dún 2011. Ní ti dífídẹ́ndì tí bàbá ò gbà, èyí tó bá ti lé ní ọdún 12 lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ lè ti padà sínú èrè wọn, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ ṣe é lọ́dún yìí. Òfin ọdún 2020 sì ní kí wọ́n kó èyí tó bá pé ọdún mẹ́fà lọ sínú àpò kan lọ́dọ̀ ìjọba, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín ṣì lè béèrè fún un. Lórí ìtàkùn SEC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọjà ṣíà, ẹ lè tẹ orúkọ bàbá wò. Ẹ tẹ gbogbo bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kì í ṣe ẹyọ kan.

Nígbà tí owó bá dé, ẹbí máa fẹ́ kí ẹ ta gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi ra ilẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, a sì fẹnu kò: a ò ta ṣíà, dífídẹ́ndì ń wọ àkáǹtì ogún lẹ́yìn tí ìjọba bá ti yọ ìdá mẹ́wàá owó orí, a sì kó èyí tó ti kó jọ sórí FGN Savings Bond, ìwé ẹ̀yáwó tí ìjọba àpapọ̀ ń san èlé lé lórí. ₦5,000 lèèyàn lè fi bẹ̀rẹ̀, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni èlé rẹ̀ ń wọlé. Òun la fi ń ra oògùn màmá báyìí, mi ò tíì rán owó oògùn sílé láti ọdún tó kọjá. Lọ́dún 2024 tí CBN ní kí àwọn báǹkì tó ń ṣòwò dé òkè òkun ní ₦500 bílíọ̀nù, báǹkì méjì nínú ti bàbá mi fún àwọn onípìn-ín láǹfààní láti ra ṣíà tuntun. Orúkọ ti tọ́, àdírẹ́sì ti tọ́, ìwé náà dé ọwọ́ wa, a sì rà á.

Ó gùn, mo mọ̀. Ẹ̀yin lẹ máa jókòó tì í, ẹ sì máa ṣe é yọrí. Tí ẹ bá ti kọ àwọn orúkọ yẹn sílẹ̀ tán, ẹ bo nọ́ńbà ìwé mọ́lẹ̀, ẹ fi orúkọ nìkan ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Mi ò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, màá bá yín wò ó lẹ́tà lẹ́tà kí ẹ̀gbọ́n yín tó jáde nílé.